Ẹyẹ Inú Ìwé, Ẹyẹ Orí Ògiri

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, wọ́n ta ìwé kan ní gbàǹjo ní ilé Sotheby's ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Owó tí ẹni tí ó rà á san lé ní mílíọ̀nù pọ́n-ùn méje. The Birds of America ni àkọlé ìwé náà, èyíinì ni Àwọn Ẹyẹ Ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ìwé kíkà ní ti gidi, nítorí àwòrán ni gbogbo ojú-ewé rẹ̀, 435 lápapọ̀. Kí ni ó wá sọ àwòrán ẹyẹ di ohun tí ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè kejì sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ǹjẹ́ ọjà gbàǹjo ń pa àwọn àwòrán wọ̀nyí mọ́ ni, tàbí ó ń tú wọn ká?

John James Audubon ni ó ya àwọn ẹyẹ náà. Ọdún 1785 ni a bí i ní Les Cayes, ní ilẹ̀ tí ó di Haiti, níbi tí bàbá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ní oko ìrèké tí àwọn ẹrú ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ni ó dàgbà sí kí ó tó wọ Amẹ́ríkà ní ọdún 1803. Ó ṣòwò ní Kentucky títí òwò náà fi dojú dé ní ọdún 1819. Òun pẹ̀lú ra ẹrú, ó sì ta ẹrú. Ọ̀ràn yìí kò parẹ́ pẹ̀lú ikú rẹ̀ ní ọdún 1851. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ ńlá tí ń dáàbò bo ẹyẹ, tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ, jíròrò bóyá kí àwọn pa orúkọ náà dà. Wọ́n pinnu láti máa jẹ́ ẹ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kan, bí irú ti ìlú Seattle, ti bọ́ ọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí òwò bàjẹ́ ni Audubon fi ìbọn àti ọ̀dà ṣe iṣẹ́. A yìnbọn pa ẹyẹ, a fi wáyà gbé e ró lára pákó bí ẹni pé ó wà láàyè, a sì yà á bí ó ti tóbi gan-an. Ìdí nìyí tí ìwé rẹ̀ fi gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, tí ó sì fẹ̀ ju méjì lọ. Bí ẹyẹ bá sì ga ju ìwé lọ, bí irú flamingo, a ní láti tẹ ọrùn rẹ̀ wálẹ̀ kí ó lè gbà á.

Kò sí ẹ̀rọ kan nígbà náà tí ó lè tẹ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. William Lizars ní Edinburgh ni ó kọ́kọ́ fín àwòrán mẹ́wàá sára bàbà. Nígbà tí àwọn tí ń kun àwòrán fún un da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1827, Audubon gbé iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ Robert Havell ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ó sì parí sí ní ọdún 1838. Bí a ti ń fín igbá ni a ń fín bàbà: irin mímú ni a fi ń fa ìlà, ásíìdì ni a fi ń jẹ ẹ́ níbi tí òjìji yóò wà. A ó fi yíǹkì sí i, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tútù. Bí ìwé bá gbẹ tán ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò wá fi ọwọ́ kun ẹyẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ewé méjì kò fi bára mu pátápátá.

Márùn-ún-márùn-ún ni àwọn tí ó san àsansílẹ̀ ń gba àwòrán, ìgbà 87: ẹyẹ ńlá kan, alábọ́ọ́dé kan, kékeré mẹ́ta. Gíní méjì ni wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba George Kẹrin wà nínú wọn. Ìwé tí ó pé kò ju bí 175 sí 200 lọ. Èyí já sí pé ewé tí a fi ọwọ́ kùn lé ní 75,000. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n orúkọ Audubon àti ti Havell nìkan ni ó sábà máa ń hàn lára ewé. Joseph Mason, ọmọ ọdún 13 tí ó bá Audubon rìnrìn àjò láti ọdún 1820, ya ewé àti òdòdó sí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ẹyẹ náà. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀, ti àwọn tí ó kùn ún kò sì sí.

Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Nígbà tí Audubon ń yàwòrán, ẹyẹlé igbó tí wọ́n ń pè ní passenger pigeon pọ̀ dé ibi pé ọ̀wọ́ wọn a máa bo ojú ọ̀run. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn kú ní ọgbà ẹranko Cincinnati ní ọdún 1914. Ní ọgbà kan náà, ní ọdún 1918, ni ayékòótọ́ Carolina tí ó kẹ́yìn kú sí. Méje irú ayékòótọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó bà sórí igi nínú àwòrán kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tí ó bá rà á ń ra ohun tí igbó kò lè bí mọ́.

Ibí ni ọ̀ràn gbàǹjo ti wá di àríyànjiyàn. Ìwé pípé tí a mọ̀ kò ju bí 120 lọ mọ́, púpọ̀ nínú wọn sì wà ní yunifásítì, ilé ìkàwé àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ọ̀kan bá bọ́ sọ́jà, owó rẹ̀ a ga: ilé Christie's ta ọ̀kan ní New York ní ọdún 2000 ní mílíọ̀nù dọ́là 8.8, ó sì ta òmíràn ní ọdún 2018 ní 9.65. Àwọn oníṣòwò kan sì ti rí i pé àwòrán ń tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n já ìwé, wọ́n sì ń ta ewé rẹ̀. Àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn ní ìwé ńlá inú àpótí kì í ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, àti pé olùkọ́ tí kò lè ra ìwé lè ra ewé kan. Àwọn alátakò dáhùn pé ìwé tí a ti já kò ṣeé dì padà mọ́, àti pé ẹyẹ tí a gbé kọ́ sí ògiri tí oòrùn ń pa yóò ṣá.

Ẹni tí yóò ra ewé kan kò gbọdọ̀ fi ojú lásán rà á. Kí ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: orúkọ J Whatman àti ọdún yóò hàn nínú ìwé náà. Kí ó wo etí rẹ̀ bóyá wọ́n ti gé e, àti bóyá àmì ibi tí bàbà tẹ̀ sí ṣì wà. Kí ó fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wo àwọ̀ rẹ̀: bí ó bá jẹ́ àtẹ̀jáde ìgbàlódé láti inú fọ́tò, tó-tò-tó ni yóò rí, bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́, ipa ọwọ́ akunwòrán ni yóò rí. Kí ó sì mọ̀ pé ìwé kékeré tí wọ́n tẹ̀ ní Philadelphia láàárín ọdún 1840 àti 1844, àti èyí ńlá tí wọ́n fi òkúta tẹ àwọ̀ rẹ̀ ní New York láàárín ọdún 1858 àti 1860, jẹ́ ohun àtijọ́ tòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ti Havell.

Kò sí ẹni tí ó lè dá ọjà dúró. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó ra ewé tí ó ti já láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó sì tọ́jú rẹ̀, àti ẹni tí ó mú ọ̀bẹ sí ìwé pípé nítorí èrè. Ìbọn àti igbó tí wọ́n pa run ni ó dín ẹyẹlé àti ayékòótọ́ kù títí wọ́n fi tán. Ìwé pípé tí ó kù ṣì ṣeé kà. Bí ọ̀bẹ bá tún bá a, iye rẹ̀ kò tún ní í pọ̀ sí i mọ́.