Ènìyàn Ọ̀tọ̀, Orúkọ Ọ̀tọ̀: Ìtàn Kátálọ́ọ̀gì Ilé Ìkàwé

Ìkọ̀lé-Èkìtì, ìlú Ẹlẹ́kọ̀lé, ni a ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Festus Adéníyì Àjàyí ní ọdún 1929. Òpìtàn pàtàkì ni, ó sì ṣe gíwá Yunifásítì Èkó láti 1972 títí di 1978, kí ó tó papò dà ní 2014. Ṣùgbọ́n "J. F. Ade Ajayi" ni ó wà lára ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìjọ ajíhìnrere ní Nàìjíríà, tí a tẹ̀ jáde ní 1965. Ibo ni kí olùtọ́jú ilé ìkàwé kọ ọ́ sí: abẹ́ "Ade" ni, tàbí abẹ́ "Ajayi"? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá a lábẹ́ ọ̀kan, nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ èkejì, yóò padà lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń bẹ lórí pẹpẹ.

Ìyọnu yìí ti pẹ́. Ní 1841, Antonio Panizzi, ọmọ Ítálì tí ó ń tọ́jú ìwé ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé òfin 91 kalẹ̀ fún kíkọ orúkọ ìwé. Ní 1876, Charles Ammi Cutter ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé kátálọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ fi gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé kan kọ hàn pa pọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n kí tilẹ̀ ni "ìwé" gan-an? Ní 1998 ni ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé àgbáyé, IFLA, pín in sí mẹ́rin: iṣẹ́, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀, àtẹ̀jáde àti ẹ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ṣe àpẹẹrẹ. Ìtàn Àkàràògùn bí Fágúnwà ti rò ó ni iṣẹ́. Yorùbá tí ó fi kọ ọ́ jẹ́ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ kan. Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká yí i sí ní 1968 jẹ́ òmíràn. Èyí tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. tẹ̀ ní 1938 jẹ́ àtẹ̀jáde kan, ti Nelson ní 1950 sì jẹ́ èkejì. Ẹ̀dà ni ẹyọ kan tí a lè fọwọ́ mú, tí ikán lè jẹ, tí aláìmoore sì lè yá lọ gbére. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 2011 ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú; ẹ̀dà tí ó bá wà ní Ọ̀yẹ́ kò sí ní Ìkọ̀lé, kátálọ́ọ̀gì ni yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ fi owó ọkọ̀ ṣòfò.

Wálé Ògúnyẹmí sọ ìtàn náà di eré Lángbòdó, tí a ṣe ní FESTAC ní 1977. Iṣẹ́ tuntun ni àwọn onímọ̀ ń pe irú èyí. Ìpín yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, nítorí Ṣóyínká tí ó sọ irúnmalẹ̀ di ẹgbẹ̀rún ànjọ̀nú náà kò tẹ̀ lé Fágúnwà ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan.

Èyí tí ó kàn wá jù ni àtúnṣe ti 2017, nígbà tí IFLA ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ tí a fi ń pè é. Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá fún ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wáyé. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ń jẹ́ kí ó tó gba orúkọ òyìnbó, òun kan náà ni ó di orúkọ ìdílé fún ọmọ Ìkọ̀lé, tí ó sì tún kọ̀wé nípa Crowther. Bí kátálọ́ọ̀gì bá mú orúkọ bí ẹni pé ó jẹ́ ènìyàn, òǹkọ̀wé àti ẹni tí a kọ̀wé nípa rẹ̀ yóò dàrú mọ́ra, pàápàá níbi tí a kò ti kọ àmì ohùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilẹ̀. Ìwé tí a kọ nípa Ìdó ní 1960 bá a lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní 1976 ó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 1996 ó di ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ìdó kò kúrò lójú kan. Olùtọ́jú ìwé tí ó bá so àwọn orúkọ wọ̀nyí pọ̀ ni yóò jẹ́ kí ọmọ Ìdó rí gbogbo wọn nínú ìwákiri kan ṣoṣo.