Àtìmọ́lé Láìròjọ́: Michael Imoudu àti Ìyanṣẹ́lódì Ọdún 1945

Àwọn àgbà a máa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Kí ni a ó wá pe ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá kí ó tó fi ìyà jẹni? Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni ó bá Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, nígbà ogun Hitler.

Òfin ọdún 1938 ti fún àwọn òṣìṣẹ́ láyè láti fi orúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun dé, ọjà gbówó lórí, owó ọ̀yà kò sì tó jẹun mọ́. Ní oṣù September 1941, Imoudu ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé Gómìnà ní Èkó láti ro ẹjọ́ wọn. Ní ọdún 1942, ìjọba fi òfin ogun ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀. Ní oṣù January 1943, a lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lábẹ́ òfin ogun náà ni a sì mú un kúrò ní Èkó, tí a há a mọ́ Auchi. Kò fojú ba ilé-ẹjọ́. Kò sí adájọ́ tí ó bi í ní ohun tí ó ṣe.

Ọdún méjì kọjá. Nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1945, ọ̀pọ̀ èrò ni ó tú jáde pàdé rẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ 22 oṣù June, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń béèrè pé kí a fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà, kí owó iṣẹ́ òòjọ́ má sì dín ní ṣílè méjì àti sísì. Ìjọba fi òfin de ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet. Síbẹ̀ ìyanṣẹ́lódì náà ju oṣù kan lọ.

Níkẹyìn, ìgbìmọ̀ tí Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀ jókòó, ó gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì, ó sì dámọ̀ràn pé kí a fi ìdajì náà kún un. Ẹ̀bẹ̀ yìí ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ lẹ́yìn àtìmọ́lé àti ìyanṣẹ́lódì. Òfin lè há olórí ẹgbẹ́ mọ́lé. Kò lè há ebi mọ́lé pẹ̀lú rẹ̀.