Fífún Omi Ọmú Jáde àti Pípa Á Mọ́

Fífún omi ọmú jáde ni kí ìyá fi ọwọ́ tàbí pọ́ǹpù gba omi ọmú rẹ̀ sínú ohun mímọ́, kí ọmọ lè rí i mu nígbà tí ìyá kò bá sí nílé, tàbí tí ọmọ kò tíì lágbára láti fa ọmú, bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu omi ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìsí omi, láìsí àgbo. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù 6, bíi 29 ló ń mu ún bẹ́ẹ̀. Ìsinmi ìbímọ tó kúrú wà lára ohun tó ń fà á. Ọ̀sẹ̀ 6 ni òfin iṣẹ́ fún obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16 lápapọ̀. Kò sí èyí tó dé oṣù 6 nínú méjèèjì. Àlàfo yìí ni omi ọmú tí a pa mọ́ ń dí.

Bí ọmú ṣe ń sun

Ọmú dà bí ìsun omi: bí a ṣe ń bù ú ló ń sun. Bí ọmọ tàbí pọ́ǹpù bá ń fà á, ọpọlọ á tú prolactin, tó ń pèsè omi ọmú, àti oxytocin, tó ń tì í jáde. Prolactin máa ń pọ̀ sí i lóru. Bí omi ọmú bá pẹ́ nínú ọmú láìjáde, ara á dín èyí tó ń pèsè kù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìyá tó wà níbi iṣẹ́ fún un jáde ní bíi wákàtí 3 sí 3. Ìrora àti àníyàn lè dí oxytocin lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń wo fọ́tò ọmọ tàbí gbóòórùn aṣọ rẹ̀ kí ọmú lè sun. Kí ìyá má sì bọkàn jẹ́ bí èyí tó rí nínú ìgò bá kéré: ọmọ sábà máa ń fa ọmú ju pọ́ǹpù lọ.

Ọwọ́ àti pọ́ǹpù

Ọwọ́ kò ná ni ní kọ́bọ̀, òun ló sì dára jù fún omi ọmú àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ó máa ń kán tótó sínú síbí. Ìyá á fi ọṣẹ fọ ọwọ́, á rọra pa ọmú láti ìdí wá sí orí. Á fi àtàǹpàkò sí òkè, á fi ìka yòókù sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ibi dúdú tó yí orí ọmú ká. Á tẹ̀ ẹ́ sí ìhà àyà, á fún un, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kó dun ún.

Orwell Needham gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí pọ́ǹpù ọmú ní Amẹ́ríkà ní 1854. Ní 1956, Einar Egnell gbé èyí tó rọrùn fún ara jáde ní Sweden. Lónìí, ti ọwọ́ wà, ti iná àti ti bátìrì náà wà. Kí ẹnu rẹ̀ bá orí ọmú mu, kí a sì fọ gbogbo ibi tí omi ọmú bá kàn lẹ́yìn ìlò.

Ìpamọ́

- Nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju 25°C: wákàtí 4. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yàrá wa sábà máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀, kí a tètè gbé e sí òtútù.
- Nínú kúlà tó ní yìnyín: wákàtí 24.
- Nínú fìríìjì: ọjọ́ 4, lẹ́yìn pátápátá, kì í ṣe lára ilẹ̀kùn.
- Nínú fírísà: oṣù 6 ló dára jù.

Kọ ọjọ́ sára ìgò, kí èyí tó pẹ́ jù kọ́kọ́ jáde. Bí iná bá lọ, má ṣí fírísà: èyí tó kún lè mú òtútù dání fún wákàtí 48. Omi ọmú tó ṣì ní yìnyín nínú ṣeé dà padà sí fírísà. Èyí tó ti yọ́ tán nínú fìríìjì gbọ́dọ̀ tán láàárín wákàtí 24. Bí o bá fẹ́ mú un gbóná, gbé ìgò sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, má gbé e sínú máíkírówéfù, kó má bàa jó ọmọ lẹ́nu. Bí ọ̀rá bá léfòó, rọra yí ìgò. Kò tíì bàjẹ́. Ife tàbí síbí rọrùn láti fọ̀ ju fídà lọ. Èyí tí ọmọ bá mu kù, kó má ju wákàtí 2 lọ kí a tó dà á nù.

Omi ọmú ẹlòmíràn

Ní Bràsíl, ilé ìpamọ́ omi ọmú lé ní 200. Àwọn ìyá ń fún un jáde sínú ìgò nílé, àwọn panápaná sì ń lọ gbà á ní àwọn ìlú kan. Àwọn ilé ìpamọ́ náà ń yẹ ẹni tó fún wọn wò, wọ́n sì ń mú un gbóná dé 62.5°C fún ìṣẹ́jú 30, nítorí HIV lè gba inú omi ọmú ran ọmọ. Lọ́dọ̀ Mùsùlùmí, ọmọ tó mu ọmú obìnrin dé ìwọ̀n tí òfin ẹ̀sìn là sílẹ̀ ti di ìbátan rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ obìnrin náà.

Ẹ̀tọ́ ìyá

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá tó ń tọ́mọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láàárín àkókò iṣẹ́. Ààbọ̀ wákàtí kan tó láti fún ọmú méjèèjì, bí yàrá tó ní ilẹ̀kùn, omi àti ọṣẹ bá wà. Ẹ̀tọ́ ni, kí ìyá bèèrè fún un. Kí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ nílé, ìyá àgbà tàbí ọmọ ọ̀dọ̀, sì mọ iye wákàtí inú ìlànà òkè yìí bíi ti ìyá, kó má bàa da ohun tó dára nù nítorí pé ó ní ọ̀rá lórí.