Òṣùká Inú Agbárí

Àwọn àgbà a máa wí pé ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹ ilẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró sí ojú ọ̀nà oko ní Aiyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ní ilẹ̀ àwọn ará wa tí ń fi “ọ̀kun” kí ara wọn, yóò rí bí obìnrin ti ń fi aṣọ ká òṣùká kí ó tó gbé ẹrù iṣu karí. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ; ó mọ̀ pé ẹrù kò gbọdọ̀ kan orí ní tààrà. Ṣùgbọ́n òṣùká mìíràn wà tí ojú kò rí, èyí tí Ẹlẹ́dàá ká sí inú agbárí. Bí àwa ọmọ Yorùbá ti ṣe dé ibi òṣùká náà ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ orí. Wọ́n fún ibi gbogbo lórí rẹ̀ ní orúkọ: iwájú orí, àtàrí, ẹ̀bátí, ìpàkọ́, àti àwùjẹ̀, ibi rírọ̀ tí ń lù kìkì lórí ọmọ tuntun. Lóòótọ́ a máa ń sọ pé ọkàn ni a fi ń rò, ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé ọpọlọ ẹni pé tàbí pé kò pé. Aristotle, àgbà ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìkì, tí ó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Kristi, gbà pé ọkàn ni ibùjókòó èrò, àti pé ṣe ni ọpọlọ wà láti mú ara tutù. Lórí ọ̀ràn yìí, èdè wa sún mọ́ òtítọ́ jù ú lọ.

Kí ni ó wà nínú agbárí náà? Egungun mẹ́jọ ni ó so pọ̀ yí ọpọlọ ká. Bí a bá kọjá egungun, awọ mẹ́ta ni ó kàn. Èkínní nípọn, ó sì yi. Ó fara ti egungun. Èkejì fẹ́lẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Ẹ̀kẹta lẹ̀ mọ́ ọpọlọ gan-an, ó sì ń bá a wọ gbogbo kòtò ara rẹ̀. Láàrin èkejì àti ẹ̀kẹta ni omi kan wà tí ó mọ́ gaara. Omi náà kò ju nǹkan bí 150 mìlílítà lọ nínú àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ara ń ṣe tuntun tó ìdajì lítà lójoojúmọ́, èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ a sì máa padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ àgbàlagbà, tí ó wọ̀n tó nǹkan bí kílò 1.4, ń léfòó nínú omi yìí bí igbá lójú odò. Bí kò bá sí i, ìwúwo ọpọlọ ìbá máa ni ọpọlọ lára. Òṣùká tí mo wí nìyẹn.

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ pín sí mẹ́ta. Ọpọlọ ńlá gba iwájú àti òkè. Apá òsì rẹ̀ ni ó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, apá ọ̀tún sì ń darí ti òsì. Ní 1861, Paul Broca, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé bí ibì kan ní iwájú apá òsì bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ sísọ a máa di ìṣòro. Ọpọlọ kékeré wà ní ìpàkọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tí ó ru ẹrù máa fì sọ́tùn-ún fì sósì. Ìdí ọpọlọ ni ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọ̀pá ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni àkóso èémí wà.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ abẹ ọpọlọ wálé fún wa ni Látúndé Òdékù, tí a bí ní 1927 ní Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́. Ó gba oyè ìṣègùn ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà ní 1954, ó sì kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan lábẹ́ Edgar Kahn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ náà yanjú. Ó lè jókòó sí Amẹ́ríkà kí ó máa jẹun rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ní 1962, ọdún tí yunifásítì ti Ìbàdàn di òmìnira, ó padà wá sí ilé ìwòsàn ńlá tí a ṣí ní Ìbàdàn ní 1957, ó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀. Akéwì ni pẹ̀lú: ìwé ewì rẹ̀, Twilight: Out of the Night, jáde ní 1964. Ó kú ní London ní 1974, ní ọmọ ọdún 47. Ilé ìkàwé àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Nínú iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ni ó wù mí jù. Ní 1971, òun àti Adélọlá Adélóyè kọ̀wé nípa kókó olómi kan tí a máa ń bí mọ́ àwọn ọmọ mìíràn, tí í jókòó gan-an sórí àwùjẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo ìyá tí ó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí egungun kò tíì dí ni kókó so sí. Èrò tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ọpọlọ ọmọ ni ó ń yọ jáde. Àrùn bẹ́ẹ̀ sì wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí fi hàn pé ti kókó yìí yàtọ̀: abẹ́ awọ orí ni ó wà, lókè egungun, kò sì ní ọ̀nà tí ó bá inú agbárí pàdé. A lè yọ ọ́ kí ọmọ sì máa ṣeré lọ. Àwọn oníṣègùn lágbàáyé ti fi orúkọ àwọn méjèèjì pe àrùn náà. Mímọ bí ìpele ti tẹ̀lé ìpele ni ó sọ ìbẹ̀rù di ìfọ̀kànbalẹ̀.

Nígbà tí Òdékù dé ní 1962, abẹ́ ìjọba Àríwá ni Aiyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ wà, ní ẹkùn Kàbà. Ìbàdàn sì jẹ́ olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn. Lẹ́yìn 1967 ó bọ́ sí Kwara. Ní 1991 ó di ti Kogí. Ìjọba a máa yí ààlà padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú agbárí ọmọ Gbẹ̀dẹ̀ náà ni ó wà nínú ti ọmọ Ìbàdàn àti ti ọmọ London.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ ku. Òdékù lọ, ó kọ́ ọ, ó sì padà. Ní àkókò yìí tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn wa ń kó ẹrù lọ sí òkè òkun, ìyẹn nìkan tó ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó dé ilé ìwòsàn tí kò dé inú èdè ìyá ọmọ, ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí. Bí a bá to orúkọ èdè òyìnbó jọ fún ìyá kan láti Aiyétòrò, a kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ṣùgbọ́n kí dókítà wí pé, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kókó yìí kò dé ibi òṣùká inú, òkè egungun ni ó wà,” yóò yé e, nítorí ó ti ń ká òṣùká láti kékeré.