Mẹ́sẹ́ńjà Tó Kọ Ìtàn Ọ̀mùtí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé mẹ́sẹ́ńjà ọ́fíìsì, tí ìwé rẹ̀ kò kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kọ ìwé tí wọ́n ń kà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Párísì àti ní Amẹ́ríkà, ṣé ẹ ó gbà á gbọ́? Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Amos Tutùọlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta. Ẹ̀dá ò láròpin o!

Ọdún 1920 ni wọ́n bí i. Àgbẹ̀ kòkó ni àwọn òbí rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti fi í sọ́dọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan pé kó máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Dípò owó iṣẹ́, ọkùnrin náà fi í sílé ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, kò sí ẹni tí yóò sanwó mọ́, ìwé bá parí síbẹ̀. Tutùọlá kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Nígbà ogun Hítílà, ó fi iṣẹ́ yìí sin ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó. Ogun tán, iṣẹ́ náà tán. Ó fẹ́ dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò bọ́ sí i. Ó sì ti gbéyàwó ní 1947, ilé gbọ́dọ̀ jẹun. Ló bá gbaṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà mọ̀ pé ìjókòó pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀gá ò tíì pè, lẹ́tà ò tíì jáde, kí lèèyàn ó máa ṣe? Ẹlòmíràn á sùn, ẹlòmíràn á máa ṣòfófó. Tutùọlá ní tirẹ̀ mú bébà, ó ń kọ ìtàn.

Níbo ló ti rí ìtàn ọ̀hún? Kò lọ jìnnà. Àlọ́ tó gbọ́ lábúlé nígbà èwe rẹ̀ ni. Fágúnwà sì ti là ọ̀nà sílẹ̀ ní 1938 pẹ̀lú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Tutùọlá tọ ọ̀nà igbó yẹn, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi tọ̀ ọ́.

Ìwé tó kọ́kọ́ kọ kò jáde títí di 1982. Èkejì ló ṣí ilẹ̀kùn: The Palm-Wine Drinkard. Ọkùnrin kan ni, kò mọ̀ ju ẹmu lọ. Adẹ́mu rẹ̀ já lórí ọ̀pẹ, ó kú. Ọ̀mùtí ní òun ó wá a dé ìlú àwọn òkú. Ojú ọ̀nà yìí ló ti pàdé ìfẹ́. Ọmọbìnrin kan rí arẹwà ọkùnrin lọ́jà, ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà mọ àlọ́ náà: ọkùnrin yìí háyà gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ni! Bó ti ń lọ ló ń dá ẹsẹ̀, apá àti gbogbo ìyókù padà fún olówó wọn, títí ó fi ku agbárí lásán. Ọ̀mùtí gba ọmọbìnrin náà sílẹ̀, bàbá rẹ̀ sì fi í fún un ṣaya. Láti ibẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń rìn. Wọ́n tilẹ̀ rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ọrùn ní ìlú kan, wọ́n sì jọ yọ nínú rẹ̀. Irú ìfẹ́ tó wà nínú ìwé náà nìyẹn: kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, àjọjìyà ni.

Tutùọlá rí ìpolówó ẹgbẹ́ atẹ̀wé onígbàgbọ́ kan nínú ìwé ìròyìn, ó fi ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Wọn kì í tẹ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bá a wá ọ̀nà, ó sì dé ọ̀dọ̀ Faber and Faber, tó tẹ̀ ẹ́ ní 1952. Lóṣù Keje ọdún yẹn, akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú Observer. Ní 1953 ó dé Amẹ́ríkà, Raymond Queneau sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé.

Nílé ńkọ́? Èébú ni! Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ní irú Gẹ̀ẹ́sì wo nìyí, pé ó dójú tì wá lójú òyìnbó. Ní 1954, lẹ́tà ìbínú dé inú ìwé ìròyìn West Africa. N ò ní purọ́, ìbẹ̀rù wọn nídìí. A ń bèèrè òmìnira nígbà náà, àwọn òyìnbó mìíràn sì ń yìn ín bí ẹni ń yin ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Nílé ìwé girama tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá á san owó ìtanràn. Ẹni tí wọ́n ti gbowó èdè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kò ní sá tó bá gbọ́ Yorùbá lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹlòmíràn?

Ẹ wá wo bí ìtàn náà ṣe padà sílé. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e sórí ìtàgé n'Íbàdàn, ó pè é ní Ọ̀mùtí, lédè Yorùbá, pẹ̀lú orin àti ìlù. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ gírámà Gẹ̀ẹ́sì ò tún sí mọ́.

Tutùọlá kú n'Íbàdàn ní 1997. Ohun tí ọ̀mọ̀wé ń fi pamọ́ fún ìtìjú, òun ló gbé jáde lọ́wọ́ méjèèjì. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin òbí, ìgbà wo lẹ pàlọ́ fọ́mọ gbẹ̀yìn?