Ìmulẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè àti Ìbò Àlàáfíà Ọdún 1935



Ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ìlú Genève kọjá ní ilẹ̀ Súísì, ó sì já sí Etiópíà, ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ẹ bá bá ọ̀rọ̀ tó le pàdé, ẹ tún un kà, tàbí kí ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín.

Gbogbo wa la mọ ohun tí ìmulẹ̀ jẹ́. Ẹni méjì tó bá jọ mulẹ̀ ti di ọmọ ìyá. Ẹni tó bá já a, ọ̀dalẹ̀ ni. Àwọn orílẹ̀-èdè náà a máa mulẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn: wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á lẹ èdìdì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn olórí ló ń fọwọ́ sí ìwé. Àgbẹ̀ tí wọn yóò pè kúrò lóko lọ́jọ́ tí ogun bá dé ńkọ́? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ ńkọ́? Ta ni yóò sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún wọn?

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn kan gbé yẹ̀ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1918. Ọdún náà ni ogun ńlá àkọ́kọ́ parí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1914, ó sì dé ọ̀dọ̀ tiwa pẹ̀lú. Ní oṣù kẹjọ 1914, àwọn ọmọ ogun Faransé gba ilẹ̀ Dahomey wọ Togo, tí í ṣe ti àwọn Jámánì nígbà náà. Wọ́n ń fi agbára mú àwọn ọmọkùnrin lọ sójú ogun. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí, ní ìhà Pobè, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì bá Faransé jà. Ẹ lè bi àwọn àgbà ibẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì wà lẹ́nu wọn.

Nígbà tí ogun parí, àwọn ìjọba tó borí wí pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n dá Àjọ Àwọn Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1920, Genève sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ìjọba 42 ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Amẹ́ríkà kò wọ̀ ọ́ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Woodrow Wilson, ààrẹ Amẹ́ríkà, ló pariwo rẹ̀ jù kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà nínú ìwé ìmulẹ̀ náà. Ìpín 10 wí pé gbogbo wọn yóò dáàbò bo ilẹ̀ ara wọn lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbà á. Ìpín 16 ló wá le jù. Ó wí pé bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣá ìmulẹ̀ tì, tó lọ gbógun ti ẹlòmíràn, ó dà bí ẹni pé gbogbo wọn ló gbógun tì. Lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tà fún un mọ́, kò sí ẹni tí yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò yá a lówó. Bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n lè dábàá pé kí oníkálùkù mú ọmọ ogun wá.

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí. Àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rí i pé bí àwọn ará ìlú kò bá mọ̀ ọ́n, ìwé lásán ni yóò jẹ́. Nítorí náà, kí Àjọ tilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1918. Orúkọ rẹ̀ ni League of Nations Union. Kí ẹ má ba à da méjèèjì pọ̀: bí mo bá wí pé Àjọ, ti àwọn ìjọba ni, bí mo bá wí pé Ẹgbẹ́, ti àwọn ará ìlú ni. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Kò wà fún èrè. Àwọn tó síwájú nínú rẹ̀ ni Lord Robert Cecil, ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn kọ ìwé ìmulẹ̀ náà, àti Gilbert Murray, olùkọ́ àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Oxford.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò san owó ọdún. Wọ́n ṣe é kí ó rọrùn fún tálákà, nítorí ṣílè kan péré ló kéré jù. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìpàdé ńlá. Wọ́n ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Genève ní èdè tó yé ènìyàn. Wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn, Headway. Wọ́n dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní ìlú ńlá àti ìletò, nínú ìjọ Ọlọ́run àti nínú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Genève kí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí àwọn ìjọba ṣe ń jókòó sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1931, iye àwọn tó san owó ọdún ju 400,000 lọ.

Iṣẹ́ yìí kò ní ariwo. Ìpàdé alẹ́ ni, àga onígi, àtùpà, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń bi í ní ìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko mọ̀ bí irú rẹ̀ ṣe rí.

Kí n fi ọ̀rọ̀ kan há a láàárín. Lẹ́yìn ogun, Àjọ fi Togo sí abẹ́ ìtọ́jú Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọdọọdún ni Faransé gbọ́dọ̀ kọ ìwé sí Genève láti sọ bí òun ṣe ń ṣe é. Àwọn ará Lomé gbọ́n. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn tiwọn ránṣẹ́ sí Genève pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ará Kétu tàbí Àjàṣẹ́ kò ní irú ẹ̀tọ́ yẹn, nítorí Dahomey kò sí nínú ìtọ́jú náà. Faransé nìkan ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí Ẹgbẹ́ ń kọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀, èyí tó wí pé kí àwa náà sọ tẹnu wa kò pọ̀.

Ó wá di ọdún 1934. Ọ̀rọ̀ ayé ti ń dàrú. Japan ti gba Manchuria lọ́wọ́ Ṣáínà ní 1931, Àjọ kò sì rí nǹkan gidi ṣe sí i. Hitler ti dé orí oyè ní Jámánì. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí wí pé àwọn ará ìlú kò fẹ́ ọ̀rọ̀ Àjọ mọ́. Lord Cecil wí pé kí a bi wọ́n. Láti oṣù kọkànlá 1934, Ẹgbẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gbé ìbò kan kalẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ìbò ìjọba, àwọn fúnra wọn ló ṣe é. Obìnrin kan, Adelaide Livingstone, ló ṣètò iṣẹ́ náà. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń fún onílé ní ìwé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á padà wá gbà á. A máa lé àwọn mìíràn nínú wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ìròyìn Daily Express ń bú wọn, ó pè é ní ìbò ẹ̀jẹ̀, ó ní yóò fa àwọn ènìyàn sínú ogun. Àwọn ènìyàn wá ń pè é ní Ìbò Àlàáfíà.

Ìbéèrè márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Èkíní: ṣé kí ìjọba wa dúró nínú Àjọ? Èkejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin dá lórí ohun ìjà: ṣé kí gbogbo ayé jọ dín in kù, ṣé kí wọ́n jọ fòpin sí ọkọ̀ òfuurufú ogun, ṣé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe ìbọn tà fún èrè ara rẹ̀ mọ́?

Ẹ̀karùn-ún ni kí ẹ fi ọkàn sí. Ó wí pé: bí orílẹ̀-èdè kan bá ta kú pé òun yóò gbógun ti òmíràn, ṣé kí àwọn yòókù parapọ̀ dá a dúró? Ó pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìn-ín-ní: nípa ọjà àti owó, láìsí ogun? Ọ̀nà kejì: bí ó bá di dandan, nípa ogun?

Ní oṣù kẹfà 1935, wọ́n ka èsì rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó lé ní 11,500,000 ènìyàn tó dìbò. Àwọn tó wí pé kí wọ́n dúró nínú Àjọ lé ní 11,000,000. Àwọn tó gbà pé kí a fi ọjà àti owó dá ẹlẹ́jọ́ dúró lé ní 10,000,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ti ogun, àwọn tó wí pé bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ nǹkan bí 6,800,000. Àwọn tó wí pé rárá lé ní 2,300,000, àwọn mìíràn tó lé ní mílíọ̀nù méjì kò sì dáhùn.

Ẹ tún iye wọ̀nyí kà. Kí owó dúró, gbogbo ènìyàn fẹ́ ẹ. Kí ọmọ ẹni lọ, àwọn ènìyàn ń ṣiyèméjì. Èmi kò bá wọn wí. Ẹni tó ti sin ọmọ lẹ́ẹ̀kan kì í yára dáhùn. Ṣùgbọ́n àwọn olórí náà mọ ìṣirò.

Oṣù mẹ́rin kò tíì pé lẹ́yìn èsì náà tí ìdánwò fi dé. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, 1935, Ítálì gbógun ti Etiópíà. Etiópíà ti wà nínú Àjọ láti 1923. Ítálì náà wà nínú rẹ̀. Kò sí irọ́, kò sí iyèméjì: ìmulẹ̀ ti já. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Àjọ dá Ítálì lẹ́bi. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá ọjà dúró fún un.

Ọjà wo? Wọn kò ra nǹkan Ítálì mọ́, wọn kò yá a lówó mọ́, wọn kò ta ìbọn fún un mọ́. Ṣùgbọ́n epo ọkọ̀ ń lọ. Èédú ń lọ. Irin ń lọ. Ọkọ̀ ojú omi Ítálì tó kó ọmọ ogun ń gba ojú odò Suez kọjá, níbi tí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti lágbára, wọn kò sì tì í mọ́ ọn. Bí ènìyàn bá wí pé òun kò ní ta iṣu fún olè, ṣùgbọ́n tí ó ń ta epo fún mọ́tò tí olè náà fi ń jalè, kí ni ẹ ó wí?

Nínú oṣù kejìlá, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Samuel Hoare, pàdé Pierre Laval, olórí ìjọba Faransé, ní Paris. Àwọn méjèèjì jọ ṣètò pé kí a fún Ítálì ní apá ńlá nínú ilẹ̀ Etiópíà kí ogun lè tán. Wọn kò bi ọba Etiópíà léèrè. Ìwé ìròyìn ní Paris tú u fó.

Ibí yìí ni iṣẹ́ Ẹgbẹ́ ti hàn. Àwọn ará ìlú tí a ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún kọ́ mọ Ìpín 10. Wọ́n mọ ohun tí ìjọba wọn fọwọ́ sí. Wọ́n bínú. Lẹ́tà ń rọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin bí òjò. Ní oṣù tó ṣáájú, ìjọba náà ti wí fún wọn kí wọ́n dìbò fún òun nítorí pé òun yóò dúró ti Àjọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Hoare fi fi ipò sílẹ̀, ìlànà náà sì kú. Laval náà bọ́ kúrò lórí oyè ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ará ìlú lè lé mínísítà kan. Wọn kò lè ti odò Suez. Ogun ń lọ. Àwọn ará Ítálì ń da èéfín olóró láti ojú ọ̀run sórí ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn. Ní Èkó, àwọn ènìyàn ṣe ìpàdé, wọ́n dá owó jọ fún Etiópíà. Ní ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, 1936, Ítálì wọ Addis Ababa. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, Ọba Haile Selassie fúnra rẹ̀ dìde ní Genève níwájú gbogbo wọn. Èdè ìlú rẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀. Àwọn oníròyìn Ítálì ń súfèé láti fi bò ó mọ́lẹ̀, títí wọ́n fi lé wọn jáde. Ó bi àwọn tó mulẹ̀ léèrè irú èsì tí òun yóò mú padà lọ bá àwọn ènìyàn òun. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí ọjà padà fún Ítálì.

Ẹgbẹ́ kò rí ara rẹ̀ gbé mọ́ lẹ́yìn èyí. Ní 1939, àwọn tó ń san owó ọdún kò tó 200,000 mọ́, ogun ńlá kejì sì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Àwọn kan wí pé àṣìṣe Ẹgbẹ́ ni pé ó kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmulẹ̀, kò kọ́ wọn ní iye tí ìmulẹ̀ ń náni. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè karùn-ún wà nínú ìwé tí wọ́n gbé dé ẹnu ọ̀nà, ó sì bi àwọn ènìyàn ní gbangba nípa ogun. Àwọn olórí tó mọ iye náà jù ni kò fẹ́ san án, nítorí wọ́n ṣì ń wá ojú rere Ítálì lórí ọ̀rọ̀ Jámánì. Etiópíà ni wọ́n fi san án.

Haile Selassie padà wọ Addis Ababa ní ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, 1941, ọdún márùn-ún géérégé. Ní 1945, àwọn orílẹ̀-èdè 51 tún mulẹ̀ tuntun, èyí tí à ń pè ní ONU. Etiópíà wà lára wọn. Ẹgbẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹgbẹ́ tuntun kan lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń kọ́ àwọn ará ìlú nípa ONU, ó sì ṣì wà títí di òní. Dahomey àti Togo wọ inú ìmulẹ̀ náà lọ́jọ́ kan náà, ní ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1960.