Ariwo tó ń kùn nínú ọkọ̀: ohun tó yẹ kí àwọn tó ń pààrọ̀ sáílẹ́ńsà n'Ìbàdàn mọ̀

Ẹni tó bá gbé Corolla rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ní agbègbè Challenge, nílùú Ìbàdàn, tó ní kí wọ́n gé sáílẹ́ńsà tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́, kí wọ́n sì fi òmíràn tó ń dán gbinrin rọ́pò rẹ̀, kì í sábà mọ ohun tó rà lọ́jọ́ náà. Bó bá wà á gba Ring Road títí dé Dùgbẹ̀, ohùn tí ọkọ̀ náà ń mú jáde yóò dùn mọ́ ọn nínú, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́bàá títì yóò sì máa yíjú wò ó. Ọjọ́ tó bá kọrí sí Èkó ni ojú rẹ̀ yóò tó já. Bó bá ti kọjá ibi tí wọ́n ń pè ní Toll Gate, tí eré rẹ̀ sì dúró sójú kan bíi 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ohùn náà yóò yí padà. Yóò di ìró kan tó ń kùn hùùù láìdákẹ́, tí kò lọ sókè, tí kò bọ̀ wálẹ̀, tí yóò máa ti etí méjèèjì bí ìgbà tí ènìyàn ki òwú bọ̀ ọ́. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ figbe ta. Kí wọ́n tó dé Ṣàgámù, orí lè ti máa fọ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

Ìró yìí kì í ṣe àrùn íńjìn. Bí íńjìn ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á. Íńjìn mọ́tò kì í mí jáde wẹ́rẹ́, ńṣe ló ń lu afẹ́fẹ́ bí onílù. Nínú íńjìn onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, irú èyí tó wà nínú Corolla, iná máa ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí íńjìn bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ọwọ́ tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń tọ́ka sí 2,400, ìyẹn ni pé íńjìn ń yí nígbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, èéfín yóò bú jáde nígbà 4,800, tí í ṣe 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ti onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà jẹ́ 120 bí ọwọ́ bá wà lójú kan náà. Ohùn tó ń lù nígbà 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ gan-an, bí ti ìyáàlù tí awọ rẹ̀ dẹ̀. Inú ọkọ̀ sì rèé, ihò ni, ó ní òrùlé páànù, ó ní ilẹ̀ páànù, bùútù rẹ̀ sì ṣófo. Gbogbo ihò ló ní ohùn kan tó máa ń gbè. Bí ohùn èéfín bá ṣe kòńgẹ́ ohùn tí inú ọkọ̀ fẹ́ràn láti gbè, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò di ìlù, àwọn èrò inú rẹ̀ yóò sì wà nínú ìlù náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí awakọ̀ bá tẹ iná sí i tàbí tó dẹwọ́ díẹ̀, ariwo náà lè pòórá, kó tún padà wá nígbà tí eré bá dọ́gba.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ nípa èyí tipẹ́. Ọdún 1897 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Milton àti Marshall Reeves, ará ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Indiana, l'Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ohun èlò tó ń pa ariwo èéfín íńjìn. Lẹ́yìn wọn ni Hiram Percy Maxim, tó gba ìwé àṣẹ lórí agbé-ohùn-ìbọn-mì lọ́dún 1909, tó sì tún mú ọgbọ́n kan náà wọ inú ọ̀rọ̀ èéfín íńjìn. Ọ̀rọ̀ Maxim yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, nítorí bàbá rẹ̀ ló ṣe ìbọn Maxim tí àwọn òyìnbó gbé wá bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn lọ́dún 1892. Bàbá ṣe èyí tó ń pariwo, ọmọ wá ṣe èyí tó ń pa á lẹ́nu mọ́.

Oríṣi méjì ni sáílẹ́ńsà tó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ní yàrá yàrá nínú; bí èéfín bá wọ yàrá kan, ìró rẹ̀ yóò kọlu ògiri, yóò padà sẹ́yìn, yóò sì pàdé èyí tó ń bọ̀, méjèèjì yóò pa ara wọn. Ìkejì jẹ́ páìpù kan tó gún tààrà, tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára, tí wọ́n sì fi òwú onígíláàsì wé kó tó di pé wọ́n fi páànù bò ó. Òwú yìí máa ń fa ohùn òkè mu dáadáa, irú èyí tó ń ké gan-an-ran, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká ohùn ìsàlẹ̀. Oríṣi kejì yìí ló pọ̀ nínú àwọn tó ń dán tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Nígbà tó bá ṣì tuntun, ó lè ṣe bí ẹni jẹ́jẹ́. Bí ooru bá ti jó òwú inú rẹ̀, tí èéfín sì gbá a jáde díẹ̀díẹ̀, àwòṣífìlà ni.

Kátálísì tún dá kún un. Àwọn kan ń ra kátálísì káàkiri nítorí àwọn irin olówó iyebíye bíi platinum àti palladium tó wà nínú rẹ̀, àwọn onímọ́tò kan sì ń tà á láìmọ̀ pé kì í ṣe èéfín burúkú nìkan ló ń sẹ́, ó tún ń gbé díẹ̀ nínú ohùn mì. Ẹni tó ta kátálísì tó tún pààrọ̀ sáílẹ́ńsà ti ṣí ìlẹ̀kùn méjì sílẹ̀ fún ariwo.

Kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìkùn ni tàbí jíjò. Páìpù tó ń jò máa ń dún tá-tá-tá, pàápàá láàárọ̀ nígbà tí íńjìn ṣì tutù, ohùn rẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá tẹ iná. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ etí nìkan. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Bó bá ń jò lábẹ́ ọkọ̀, tí ihò wà nílẹ̀ bùútù tàbí tí rọ́bà ẹnu bùútù ti jẹ, ó lè wọlé bá àwọn tó wà nínú ọkọ̀, àgàgà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjà Bódìjà tàbí ti iwájú Yunifásítì ní Agbowó, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró pẹ́ láìpa íńjìn. Bí orí bá ń fọ́ àwọn ọmọ tàbí tí èébì ń gbé wọn nígbàkigbà tí wọ́n bá wọ ọkọ̀, tó sì ń fúyẹ́ bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n má gbé ọkọ̀ náà jáde mọ́ títí tí mẹkáníìkì yóò fi yẹ gbogbo páìpù rẹ̀ wò.

Bó bá jẹ́ ìkùn ni, ohun tí kò wọ́n ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Rọ́bà ni wọ́n fi ń gbé páìpù èéfín kọ́ sábẹ́ ọkọ̀, kí gbígbọ̀n rẹ̀ má baà wọ ara ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé nígbà tí rọ́bà náà já, wáyà ni wọ́n fi so ó, tàbí kí wẹ́dà kúkú jó irin mọ́ ọn gbọingbọin. Ńṣe nìyẹn dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀pá kàn ìlù mọ́ àga. Bákan náà ni íńjìn síìtì tó ti bẹ́, àti páìpù tó ń fara kan ilẹ̀ ọkọ̀ tàbí bọ́ńpà. Ẹnu páìpù tó parí sábẹ́ ọkọ̀, tí kò yọ kọjá bọ́ńpà, tún ń da ohùn àti èéfín padà sábẹ́ bùútù. Àtúnṣe wọ̀nyí kì í gba ọjọ́ kan, wọ́n sì lè mú ìdajì ìṣòro náà kúrò.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í kíyè sí. Nínú àwọn ọkọ̀ olójú-ìyí-mẹ́rin aládàáṣiṣẹ́ ti àtijọ́, bọ́tìnnì kékeré kan wà lára ọ̀pá jíà. Bí wọ́n bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, iná tí wọ́n kọ O/D OFF sí yóò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ kò ní wọ jíà kẹrin mọ́, íńjìn yóò sì máa yí ju bó ṣe yẹ lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹlòmíràn á ti na owó sáílẹ́ńsà tán kó tó mọ̀ pé bọ́tìnnì ni.

Bí gbogbo èyí bá dára tí ìkùn kò lọ, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kan páìpù fúnra rẹ̀. Wẹ́dà lè fi sáílẹ́ńsà kékeré kan sí àárín kó tó kan ti ẹ̀yìn, tàbí kó fi èyí tí ikùn rẹ̀ tóbi rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, nítorí ikùn ńlá ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ mì. Ọgbọ́n kejì dà bí eré ọmọdé: wọ́n á jó páìpù kan tí wọ́n dí ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù ńlá. Ìró á wọ inú rẹ̀ lọ, á kan ìdí, á sì padà jáde lódìkejì èyí tó ń bọ̀, wọ́n á sì pa ara wọn. Gígùn páìpù náà ni àṣírí rẹ̀. Ìró ń rin nǹkan bíi 343 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú afẹ́fẹ́ tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fún ohùn tó ń lù nígbà 80, páìpù náà yóò gùn ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà méje, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n èéfín gbóná, ìró sì ń yára nínú ohun tó bá gbóná, nítorí náà ó yẹ kí páìpù gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Wẹ́dà tó gbọ́n á kọ́kọ́ gé e gùn, á wá máa dín in kù. Ohùn kan ṣoṣo ni ó ń pa, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ni ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀ ibi tí ọwọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wà nígbà tí ìkùn bá le jù.

Ní ti àwọn tó ń tẹ́ fóòmù sínú bùútù, owó ìyẹn kò mú èrè púpọ̀ wá. Fóòmù kì í dá ohùn ìsàlẹ̀ dúró. Rọ́bà wíwúwo tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páànù sàn jù ú lọ, nítorí kì í jẹ́ kí páànù gbọ̀n, síbẹ̀ kò lè rọ́pò àtúnṣe páìpù. Àwọn tó sì gbà pé páìpù fífẹ̀ ń fún íńjìn kékeré lágbára, ariwo ni wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní agbára.

Lójú òfin, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo ti wà láti ọdún 2009, ti èéfín ọkọ̀ sì tẹ̀lé e lọ́dún 2011, abẹ́ àjọ NESREA sì ni méjèèjì wà.

Fún ẹni tó ń lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, sáílẹ́ńsà tòkunbọ̀ tó jẹ́ ti irú ọkọ̀ rẹ̀ gan-an sábà máa ń sàn ju tuntun tó ń dán lọ. Kó gbé e sókè, kó mì ín. Bí nǹkan bá ń dún wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ inú rẹ̀, ògiri inú ti já. Kó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, nítorí omi wà nínú èéfín, omi náà kì í sì í gbẹ nínú ọkọ̀ tó jẹ́ pé ìrìn kúkúrú láti Bódìjà sí Dùgbẹ̀ nìkan ló ń rìn. Lọ́dọ̀ wẹ́dà, kó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi iná kàn án lójú mélòó kan péré tó lè gbé e dúró, kó wà á dé ojú ọ̀nà márosẹ̀, kó gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú eré 100 kìlómítà, kí wọ́n tó jó o yípo. Kó sì gba ògbólógbòó sáílẹ́ńsà rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn kí àwọn tó ń ra irin àlòkù tó dé, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ni wọn yóò padà wá jó mọ́ ọkọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.